Ẹnu Kẹrin tí Mo Bá ní Oǹdó

Ẹ̀yin ará Ṣakí tí ẹ ń bi mí pé báwo ni Oǹdó ti rí, mo ti dá yín lóhùn lójú títì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi. Mo ní ìlú náà dára. Mo ní wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, iyán wọn kò sì ní kókó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ, nítorí àbọ̀ tó kù kò ṣeé sọ ní ìdúró. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi ọwọ́ ara mi pa eyín ẹnì kan nílùú náà, tí eyín náà sì ń jí lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé n kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rù mi jù, ẹ foríjì mí. Bí mo ṣe rí nìyẹn, ẹ̀rù ló sì bá mi rin gbogbo ìrìn náà.

Àkúrẹ́

Òjò ni mo bá wọ Àkúrẹ́. Mo sá sábẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù kan níbi tí obìnrin kan ti ń ta ìwé àti báírò. N kò tíì sọ ju "Ẹ kú òjò, mà" lọ tó fi ti àga sọ́dọ̀ mi.

"Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ́," ó ní.

"Ṣakí ni, mà."

"Ọ̀yọ́ náà nù-un. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ju ọkà dúdú lọ. Jókòó. Bí òjò bá dá, wàá bá mi dé ulé, kí o wá jẹ uyán, kí o lè mọ̀ pé o ti jẹun láyé ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ilé àti iyán níbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ súfèé kó tó sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ iyán náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú mi kò balẹ̀. Kí ẹni tí o kò mọ̀ rí mọ ibi tí o ti wá kí o tó sọ orúkọ rẹ, ó dà bí ẹni pé ó ti yẹ àpò rẹ wò nígbà tí o ń sùn. Mo mọ̀ pé inú rere ni obìnrin náà fi ṣe é. Èmi ni mo máa ń rí òjìji níbi tí kò sí igi.

Ẹ mọ̀ pé ìtọ́jú eyín ni mo kà nílé ẹ̀kọ́. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n n kò tíì dá fi ọwọ́ kan ẹnu alààyè rí láìjẹ́ pé olùkọ́ di ọwọ́ náà mú. Ilé ìtọ́jú kan ní Àkúrẹ́ ń gba àwọn ọ̀dọ́ bíi tèmi, wọ́n á kọ́ wọn sí i, wọ́n á sì fún ẹni tó bá yege níṣẹ́. Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. Ọ̀gá ibẹ̀ ni Dókítà Fọlákẹ́, obìnrin kúkúrú kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú rẹ̀. Ọwọ́ ń gbọ̀n.

"Kò burú," ó ní. "Ọwọ́ gbogbo àwọn tó ń wá kọ́ṣẹ́ ló máa ń gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀. Ṣé o rí àwọn tó jókòó níta yẹn, tí wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú? Ẹnu alààyè nìyẹn. O ò tíì ní fọwọ́ kàn wọ́n. Oǹdó lo ń lọ. Àwọn ẹnu tí kì í mí ló wà níbẹ̀."

Ó rí bí ojú mi ṣe yí padà, ó sì pe orúkọ mi, ó ní, "Inú kọ̀ǹpútà, Títí. Kì í ṣe ibòmíràn."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tù mí nínú tó bí ó ṣe yẹ.

Ọ̀nà Oǹdó

Nígbà tí ọkọ̀ kọjá Òwẹnà, igbó kòkó dí ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé ojú wa máa ń rí ọ̀nà jíjìn, àpáta níhìn-ín, pápá lọ́hùn-ún, ọ̀run sì fẹ̀ lókè. Níbẹ̀, ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n alẹ́ wà lábẹ́ àwọn igi náà. Ewé gbígbẹ nípọn nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí erùpẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń wọ ọ̀nà ọ̀fun lọ.

Bàbá kan tó jókòó tì mí bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní eyín ni. Kíá, ó la ẹnu sílẹ̀ sí mi, ó fi ìka tọ́ka sí èyí tó ń dùn ún. Obìnrin tó wà níwájú gbọ́, òun náà yí padà, ó la ẹnu. Ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́yìn náà na ọrùn wá. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn, nítorí ẹni tó la ẹnu kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń dúró dè mí. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́," títí wọ́n fi pa ẹnu dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà ní, "Kò burú, ọmọ mi, a kàn ní kí o rí i ni." Ìwà àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn: wọn kì í fi ohun tó ń dùn wọ́n pamọ́ fún àlejò. Mo sọ ìyẹn fún ara mi nígbà náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn.

Ilé Màmá Tísà

Ilé ìtọ́jú náà ti bá wa ṣètò ibùgbé. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fi mí sí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Màmá Tísà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àbújá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń dúró bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan sójú pátákó. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ kì í là púpọ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín, ọwọ́ a bo ẹnu. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé àwọn ará àtijọ́ ni, mo tilẹ̀ gbìyànjú láti máa fara wé e.

Ọbẹ̀ marúgbó ló fi kí mi káàbọ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ní Ṣakí. Ọbẹ̀ dúdú ni, ó dú bí ìdí ìkòkò, ewé tí wọ́n fi sè é ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ korò díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dùn. Nígbà tí mo wo ojú mi nínú dígí lẹ́yìn oúnjẹ, gbogbo eyín mi ti dú. Màmá fi iyán rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan, ó sì ń gbé e mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìrún un.

"Ẹnu wo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?" ó bi mí.

"Wọ́n ní Ẹnu Kìíní ni, mà."

"Ó dáa. Ẹnu Kẹrin ńkọ́?"

"A ò tíì dé ibẹ̀, mà."

"Ẹ ó dé ibẹ̀," ó ní, ó sì kó àwo nílẹ̀.

Mo rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sọ fún un.

Yàrá tí kò ní fèrèsé

Nínú yàrá tí a ti ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù máa ń dún bákan náà láti àárọ̀. Níwájú àga kọ̀ọ̀kan, kálàmù irin kan wà tí apá irin gbé dání, àti dígí dúdú kan tí a ń dè mọ́ ojú láti fi rí inú kọ̀ǹpútà. Ṣẹ́gun, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi, ọmọ Ìta-Ògbólú, ti ṣáájú mi débẹ̀. Òun ló fi ohun gbogbo hàn mí.

"Wọ̀ ọ́, ará Ṣakí. Má sá o."

Mo de dígí náà, ayé sì lọ. Òkùnkùn nìkan ló kù, ẹnu kan sì là sílẹ̀ nínú òkùnkùn náà. Kò ní imú. Kò ní ojú. Kò sí ọrùn tó gbé e dúró. Ó fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo gbé kálàmù síwájú, mo rí i tó di irin agbẹ́yín nínú ẹnu náà, bó sì ṣe kan eyín, ọwọ́ mi mọ̀ pé ó kan nǹkan. Ó le bí eyín. Níbi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́, ó rọ̀ bí iṣu sísè, irin a sì wọlé. Mo fa ọwọ́ padà kíá, mo na ọwọ́ kejì síwájú láti wò ó bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ lásán ni.

"Gbogbo wa la ṣe bẹ́ẹ̀," Ṣẹ́gun ní. "Ènìyàn ni wọ́n o. Ìlú yìí ni wọ́n ti ya àwòrán ẹnu wọn, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Wọn kì í sọ orúkọ."

"Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Mi ò bèèrè. Ìwọ náà má bèèrè."

Ẹnu Kìíní kò ni mí lára, bẹ́ẹ̀ ni Ẹnu Kejì àti Ẹnu Kẹta. Ẹnu Kẹrin ló pa gbogbo wa láyò. Eyín ńlá kan wà lẹ́yìn nísàlẹ̀, lápá òsì, tó ti lu. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yí díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tòkè ti kán létí. Iṣẹ́ wa ni kí á gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ kúrò nínú eyín ńlá náà, kí á sì dí i, láìkan iṣan tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan náà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí irin bá kàn án, gbogbo ẹnu náà a pọ́n, kálàmù a sì jà lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ẹni, bí ẹja lórí ìwọ̀. Kì í ké. Mo fẹ́ kí èyí yé yín: ká ní ó ké ni, ì bá sàn fún mi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo kàn án, Ṣẹ́gun fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. "Ó ti kú. Ẹ kú aráfẹ́rakù o."

Ó tẹ bọ́tìnnì, eyín náà sì padà sí bó ṣe wà, pẹ̀lú ihò rẹ̀, ó ń dúró dè mí.

Nígbà tó yá, mo rí i pé mò ń pe ẹnu náà ní "màmá" nínú ọkàn mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé obìnrin ni. Lọ́jọ́ kan tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò tètè ṣiṣẹ́, ẹnu náà parẹ́ níwájú mi, ṣùgbọ́n kálàmù ṣì tako ọwọ́ mi fún ìṣẹ́jú kan, bí ẹni pé eyín náà ṣì wà nínú òkùnkùn níbi tí n kò ti lè rí i.

Ohun tí Màmá mọ̀

Ọjọ́ tí mo pa eyín náà nígbà àkọ́kọ́, mo padà délé lọ́sàn-án, mo bá Màmá ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ti fi gèlè wé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì. Ife omi gbígbóná tó ní iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣe Ẹnu Kẹrin lónìí," ó ní. Kò fi ṣe ìbéèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Wá jẹun."

Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Mo sọ fún ara mi pé alábàápàdé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó tún ṣẹlẹ̀, gèlè tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kò lọ sí yàrá náà rárá, mo bá a tó ń ro ọgbà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì ń fi ẹnu dídé kọrin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ Ẹnu Kẹrin sílẹ̀. Mo máa ń sọ pé ojú ń dùn mí, mo máa ń fi àyè mi sílẹ̀ fún Ṣẹ́gun. Dókítà Fọlákẹ́, tó ń rí iṣẹ́ wa láti Àkúrẹ́, pè mí lórí fóònù.

"Títí, ẹni tó bá ń sá fún Ẹnu Kẹrin kò ní dé ọ̀dọ̀ alààyè. O mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

N kò lè sọ ìdí fún un. Ta ni yóò sọ irú ìyẹn fún ọ̀gá?

Ọjọ́ Ìsinmi

Bí àlejò bá fẹ́ mọ Oǹdó, kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn àgbà á wọlé bí ẹni tó ni ilé, wọ́n á kí ọ láti ìjókòó mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n á bi ọ́ bóyá o sùn dáadáa, wọn kò sì ní yéé wo ọ́ títí o fi dáhùn. Wọ́n ń fi èdè wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Yorùbá ni mí, mo sì jókòó láàárín Yorùbá bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn láti yàrá kejì. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, kò dùn mí jù.

Màmá Tísà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí orin dé ibi tó ga jù, ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó sì la ẹnu.

Ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé wọ inú ẹnu rẹ̀ tààrà. Mo rí eyín tó kán létí lókè. Mo rí èyí tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Mo rí eyín ńlá nísàlẹ̀ lápá òsì, àti ihò rẹ̀. Mo mọ etí ihò náà bí mo ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé wa. Orin ń lọ. Ọwọ́ mi ọ̀tún ti ká bí ẹni tó di kálàmù mú, n kò mọ ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Màmá pa ẹnu dé. Ó wo ọwọ́ mi, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi. Nígbà tí ìsìn parí, ó ṣáájú mi lọ sílé.

Ẹ̀jẹ́

"Jókòó," Màmá ní. "O ti rí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, mà?"

"Kí ọwọ́ rẹ má bàa gbọ̀n sí i."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Lọ́dún tí ẹ̀rọ náà dé ìlú, wọ́n ń wá ẹnu tí wọ́n máa yà. Nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ń gbé iṣu wá, wọ́n ń fa ewúrẹ́ wá, wọ́n ń ru kòkó. Ìgbà tó kan òun, ó dìde níwájú gbogbo ìjọ, ó ní òun fi ẹnu òun fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ eyín. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àlùfáà gbàdúrà sí i. Ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé irin kankan kò ní kan eyín òun tó bàjẹ́ náà títí ọmọ kan yóò fi ṣe é re nínú ẹ̀rọ.

"Dókítà ti ń pè mí sí Àkúrẹ́ tipẹ́. Mo ń sọ pé mò ń bọ̀. Bí mo bá lọ tọ́jú rẹ̀, kí ni ẹ̀yin ó fi kọ́ṣẹ́?"

"Màmá, èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ti wà níbẹ̀. Kò ní yí padà."

"Ta ló sọ fún ọ?" Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Mo máa ń mọ̀ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ, orí mi pé. Ọmọ a máa fi olùkọ́ kọ́ṣẹ́, ó máa ń dùn, a ó fara dà á. Ohun tí a bá ti gbé síwájú Ọlọ́run, a kì í lọ gbé e padà."

Mo fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí àwọn gèlè yẹn. Ohun tó tì mí lójú jù ni pé mo ti kàwé nípa eyín, síbẹ̀ ìdajì ọkàn mi gbà á gbọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, wúwú náà sì sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n. Ọrùn rẹ̀ le. Ara rẹ̀ gbóná. Kò lè la ẹnu ju kí ṣíbí kékeré wọlé lọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo ní láti gbà gbọ́ tàbí kí n má gbà gbọ́. Ó wà nínú ìwé tí mo kà: bí ó bá tún sọ̀ kalẹ̀, yóò dí ọ̀nà èémí. Mo pe Dókítà Fọlákẹ́. Ó ní, "Gbé wọn wá lónìí. Kì í ṣe ọ̀la."

Màmá ní òun kò lọ.

"Ẹ̀jẹ́ ni, Títí."

Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń fi ọwọ́ pa mí lórí bí ẹni pé èmi ni ara mi kò yá. Nígbà tí omijé mi tán, ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu mi tí n kò rò tẹ́lẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí i rí, mà? Ẹnu Kẹrin?"

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí mi. Kò rí i rí.

Màmá wọ yàrá náà

Ṣẹ́gun dọ̀bálẹ̀ nígbà tó rí wa. Ó wo ọrùn Màmá, ẹ̀fẹ̀ tán lójú rẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ láìbéèrè nǹkan kan. Mo de dígí mọ́ Màmá lójú, mo tú gèlè rẹ̀ díẹ̀ kí okùn náà lè gbà.

Ó na ọwọ́ síwájú, bí èmi náà ti ṣe.

"Ta nìyí?" ó bi wá.

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Irọ́ ni. Ẹnu ìyá mi nìyí."

Ṣẹ́gun gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Ìyá Màmá ti kú tipẹ́, àwòrán rẹ̀ wà ní pálọ̀ wa, kò sì rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

"Bó ṣe ń la ẹnu nìyí tó bá ń pè mí láti oko," Màmá ní. "Ibo ni eyín náà wà?"

Mo fi kálàmù sí i lọ́wọ́. Mo fẹ́ darí ọwọ́ rẹ̀, ó ti ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ tó ti mú ẹfun kọ̀wé tipẹ́tipẹ́ kò gbọ̀n. Lórí kọ̀ǹpútà, èmi àti Ṣẹ́gun rí irin tó ń rọra lọ sẹ́yìn, tó kan eyín tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó kọjá rẹ̀, tó sì wọ inú ihò náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹnu náà pọ́n, kálàmù sì jà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ kejì Màmá ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń dúró de ìrora.

A jọ dúró.

"Kò dùn mí," ó ní.

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, tagbáratagbára, bí ẹni tó fẹ́ bá nǹkan jà. Ẹnu tó wà nínú òkùnkùn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Màmá gbọn orí.

"Àní èyí kò dùn mí. Ó ń dùn mí bó ṣe ń dùn mí bọ̀, kò lé, kò dín. Kí ló wá ń dùn mí láti ọjọ́ yìí?"

"Eyín yín ni, mà. Èyí tó wà lẹ́nu yín."

"Tèmi."

"Tiyín, mà."

Ó bọ́ dígí náà fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó ti ń bọ́ ọmọ kan fún ọdún púpọ̀, tó wá gbọ́ pé ọmọ náà kò mọ òun rí. N kò mọ̀ bóyá ìtùnú ni mo rí lójú rẹ̀ tàbí ìbànújẹ́. Mo rò pé àwọn méjèèjì ni.

"Á jẹ́ pé ibí ni ohun tí mo gbé síwájú Ọlọ́run wà," ó ní. "Kò sí lára mi mọ́. Ẹ gbé mi lọ."

Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kejì

Lójú ọ̀nà, ó fi orí lé èjìká mi, mo sì ń ka èémí rẹ̀. Igbó kòkó tún dí wa mọ́lẹ̀. Ní tòótọ́, n kò bẹ̀rù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí n kò rí i.

Dókítà Fọlákẹ́ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ pẹ́ o," kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n la ibi tó wú, ohun tó jáde níbẹ̀ kò yẹ kí n kọ ọ́ síbí. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ń fún un lóògùn títí ọrùn rẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tó lè la ẹnu, Dókítà ní kò sí ohun tí a lè dí mọ́, yíyọ ni eyín náà ń fẹ́.

"Títí, ìwọ lo máa di ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú fún mi. Wọlé."

Mo wọlé. Ẹnu tí mo ti mọ̀ dunjú ni, ṣùgbọ́n ó gbóná. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé yóò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ahọ́n yí sí ìka mi, ó tún sá padà. Èémí jáde, ó wọlé. Eyín ńlá náà ti fọ́ kọjá bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: ògiri kan tó dúró nínú ẹ̀rọ ti wó níbí. Gbogbo àkókò tí a fi ń pa ti inú ẹ̀rọ tí a ń jí i, èyí ń bàjẹ́ lọ ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tẹ bọ́tìnnì fún un. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Màmá gbé ọwọ́ sókè láti ibi tó sùn sí, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì mú un dúró títí Dókítà fi yọ eyín náà.

Mo padà sí Oǹdó lẹ́yìn náà, mo ṣe Ẹnu Kẹrin. Mo ṣe é re. Mo gbẹ́ gbogbo ibi tó bàjẹ́, n kò kan iṣan, mo dí i, ó dán. Ṣẹ́gun pàtẹ́wọ́. Ayọ̀ tí mo retí kò wá. Mo ti tọ́jú eyín kan tí kò sí níbì kankan láyé mọ́.

Àwòrán tuntun

Nígbà tí ojú ihò náà san, Màmá fúnra rẹ̀ ló ní kí a ya ẹnu òun lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní bí òun bá ti fún wọn ní èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n gba èyí tó sàn náà. Dókítà Fọlákẹ́ gbà, ó sì ní èmi ni kí n yà á.

Mo rọra ń fi kámẹ́rà kékeré náà yí inú ẹnu rẹ̀ ká. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹnu kan bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú òkùnkùn, eyín kan, òmíràn, lẹ́yìn náà àlàfo tó ń dán lápá òsì. Nígbà tó pé, Ṣẹ́gun gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì là sílẹ̀ sí wa. Màmá dìde lórí àga, ó fi áńkáṣíìfù nu ètè, ó sì wá dúró níwájú wọn.

"Èwo nínú wọn ni wọ́n ó máa lò tí mo bá ti lọ?"

Mo rò pé Àbújá ló ń sọ, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Méjèèjì, mà." Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà yé mi, mo sì fẹ́ gbé e padà, kò ṣeé gbé.

"Èyí kì í darúgbó?" Ó tọ́ka sí ti àtijọ́.

"Kì í darúgbó, mà."

Ó wò ó pẹ́.

"Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀," ó ní, "ẹ máa kí i kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àgbàlagbà ni. Bó bá dáhùn, bí kò bá dáhùn, ẹ kí i."

Mo sọ ọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ní ṣé kí àwọn tún máa bi í léèrè àwọn ará ilé ni. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò ní Oǹdó, mo yà síbẹ̀ láti dágbére. Ilẹ̀kùn yàrá náà kò padé tán. Wọ́n ti de dígí mọ́ ojú, olúkúlùkù dojú kọ ẹnu tirẹ̀, n kò sì fẹ́ dí wọn lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́bìnrin tó gba àga mi ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wọ yàrá aláìsàn: "Ẹ káàsán, mà."

Mo ti gbé àpò mi lọ́wọ́, ọkọ̀ sì ń dúró dè mí. Síbẹ̀ mo dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà náà, mo tẹ́tí, bí ẹ̀yin náà ì bá ti ṣe.